Sùẹ̀gbẹ̀ Kì Í Mọ̀ Pé Òun Ń Pani Lẹ́rìn-ín

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ya fíìmù sọ ní Ìkòròdú. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo ṣe kọ ọ́, àfi ibi tí mo ti ń wúkọ́ ni mo yọ kúrò.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, ẹ kú ìjókòó. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín kí n tó la ẹnu, nítorí ọ̀rọ̀ sùẹ̀gbẹ̀ ni mo bá wá, kò sì sí àgbà tó máa ń fẹ́ kí wọ́n pe òun wá síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ sùẹ̀gbẹ̀.

Ẹni tó pè mí lórí fóònù ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìdàgbàsókè iṣẹ́ fíìmù. Mo ní rárá. Ìdàgbàsókè yẹn, ẹ ti gbọ́ ọ títí etí yín fi di. Èmi ò lọ sílé ẹ̀kọ́ fíìmù kankan. Ẹ̀yìn káńtà ni mo ti mọ ohun tí mo mọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi yá àwọn ará Ìkòròdú ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní Ìta-Ẹlẹ́wà. Ìyá Fídíò ni àwọn ọmọdé ń pè mí. Àwọn kan wà nínú yín tó jókòó síbí yìí, ìyá wọn ṣì jẹ mí lówó kásẹ́ẹ̀tì títí dòní. Mi ò ní dárúkọ. Ìwé ẹ̀ wà nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá kásẹ́ẹ̀tì láyé, ẹ jẹ́ kí n fi yé yín. Téèpù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú ẹ̀, ara irin inú ẹ̀rọ ló máa ń fara ha bó ṣe ń lọ. Tí èèyàn bá ń dá ibì kan náà padà ṣáá, tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Nígbà tí wọ́n bá dá kásẹ́ẹ̀tì padà fún mi, mo máa ń tì í bọnú ẹ̀rọ kí n wò ó bóyá wọn ò ti bà á jẹ́. Ibi tí àwòrán bá ti ń gbọ̀n, tí ìlà funfun ń sáré kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, mo ti mọ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ti jókòó tì í. Fíìmù ìfẹ́, ẹ mọ ibi tó ti máa ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ nítorí àwọn àgbà tó wà níwájú. Fíìmù Ṣáínà, ibi ìjà ni.

Kásẹ́ẹ̀tì àwàdà ló yà mí lẹ́nu. Mo rò pé ibi tí aláwàdà ti ṣubú ni yóò ti máa gbọ̀n. Kì í ṣe ibẹ̀ rárá. Ibi tó ti dìde ni. Ibi tó ti gbọn eruku ara aṣọ, tó tún táì ẹ̀ ṣe, tó bojú wo ilẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́, tó sì ń bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìta-Ẹlẹ́wà ń dá padà. Kásẹ́ẹ̀tì méjì, mẹ́ta, márùn-ún, ibi kan náà ni.

Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ lónìí, inú ibi tó ń gbọ̀n yẹn ló wà.

Ta ni sùẹ̀gbẹ̀ ná? Kì í ṣe wèrè. Àìsàn ni wèrè, ẹ yé fi ṣe àwàdà, mo ti ń rí i lórí fóònù yín, kò dáa. Kì í ṣe ọ̀lẹ náà, nítorí sùẹ̀gbẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Sùẹ̀gbẹ̀ ni ẹni tí òun àti ayé ò jọ wọ aṣọ tó bára mu. Tí gbogbo èèyàn bá wọ ànkárá, kóòtù ni tiẹ̀. Tí wọ́n bá ń jó, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa lọ síbi tí ìlù ò rán an. Ó wá lọ gbé àlá kan lé orí, àlá tó jẹ́ pé bí o bá wo ìdúró ẹ̀, o ò ní yá a ní kọ́bọ̀ lé e lórí. Ó sì gbà á gbọ́ pátápátá. Òun ò wo ojú ẹnikẹ́ni, àwa là ń wo ojú tiẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa nígbà yẹn tó fi agolo mílíìkì àti pákó kan kámẹ́rà. Ìdérí ìgò ló fi ṣe ojú ẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn, ó gbé e kọ́rùn. Ibi ìsọmọlórúkọ, ó wà níbẹ̀. Ibi ìsìnkú, ó wà níbẹ̀. Á kúnlẹ̀ lórí eékún kan, á di ojú kan, á ní, “Màmá, ẹ sún mọ́ Bàbá díẹ̀ sí i.” Wọ́n á sì sún mọ́ ọn! Mo fi ojú ara mi rí ìyá àgbà kan tó tú gèlè ẹ̀, tó tún un wé nítorí agolo yẹn. Lọ́jọ́ kan ni bọ̀dá kan tó ń ṣe vọ́kánáísà bi í pé, “Fíìmù dà nínú ẹ̀?” Ọmọ yẹn ò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dúró ná. Fíìmù ń bọ̀.”

Fíìmù ń bọ̀! Ẹ ẹ̀ rí i? Òun gan-an ni.

Ẹni tó sọ irú èèyàn yìí di iṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, tó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ gbọ́ orúkọ ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ka oríkì baba ńlá yín, ẹ ò jókòó wò ó. Ẹ lọ wò ó. Ẹ gbójú fo ìmúra ẹ̀, gbogbo èèyàn ló máa ń sọ̀rọ̀ ìmúra ẹ̀: gíláàsì tó tóbi ju ojú lọ, táì olábalábá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká méjèèjì. Aago ọwọ́ ẹ̀ ni kí ẹ wò. Irú aago ńlá tí a máa ń gbé sórí tábìlì, tó máa ń jí wa láàárọ̀, òun ló so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ká ní ẹlòmíràn ló so irú aago bẹ́ẹ̀, á na ọwọ́ sí wa, á rẹ́rìn-ín sí wa, á máa wò ó bóyá a ti rí i. Bàbá Sàlá kì í wò wá. Aago ló ń wò. Ó fẹ́ mọ iye tó lù.

Olórin ni Bàbá Sàlá kó tó di aláwàdà. Inú ẹgbẹ́ olórin ẹ̀, Federal Rhythm Dandies, ni Sunny Adé ti ta gìtá kó tó ní ẹgbẹ́ tiẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìdí ìlù ló ti kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì mọ̀, ìyẹn ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kan, á wá dákẹ́ lé e, á jẹ́ kó jókòó. Ìdákẹ́ yẹn ló ń pa wá, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ yẹn kàn gbé e wá ni.

Ẹ jẹ́ ká sọdá òkun díẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló gbé fíìmù kan wá fún mi lórí díìsìkì, ó ní, “Mummy, ẹ wá wo sùẹ̀gbẹ̀ òyìnbó.” Napoleon Dynamite ni wọ́n ń pè é, ọdún 2004 ló jáde. Mo wò ó fún bí ogún ìṣẹ́jú, mi ò rẹ́rìn-ín. Ká sòótọ́, mo ti na ọwọ́ láti pa á. Napoleon yẹn, ọmọkùnrin gíga kan tí irun orí ẹ̀ ṣe wíríwírí, ẹnu ẹ̀ ṣí díẹ̀, ojú ẹ̀ pa dé díẹ̀, ó ń rìn kiri ìlú kékeré kan tí kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó ń ya ẹranko abàmì sínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò ṣiṣẹ́, ilé ìyá àgbà wọn ló jókòó sí, tó ń bá obìnrin kan tí kò rí rí sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó sì ní òun ń múra láti di oníjà inú àgọ́ irin. Ara ẹ̀ nìyẹn bí igi ìgbálẹ̀! Àbúrò òbí wọn tún wà níbẹ̀, Rico, tó ń gbé inú ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n gbá, tàbí ká ní tí wọ́n jù, nítorí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, ní 1982, títí di báyìí kò tíì kúrò nínú ọdún yẹn. Ó máa ń gbé kámẹ́rà kalẹ̀ nínú pápá, á máa ya ara ẹ̀ bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Ó ní òun lè jù ú kọjá orí òkè. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an, abọ́ oníke ló ń kiri láti ilé dé ilé.

Abọ́ oníke ni mo débẹ̀ tí mo fi jókòó dáadáa. Mo ní, á à, mo mọ ọkùnrin yìí! Ṣebí a ní wọn ní Sábó. Ọ̀gá tó ń ta kúlà gbà-á-kí-o-san-díẹ̀díẹ̀, tí kò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ fún ọ nípa ọdún tí òun ì bá wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá, ká ní orúnkún ò dùn ún.

Ọ̀rẹ́ Napoleon, Pedro, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, àjèjì nílé ẹ̀kọ́ yẹn, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun máa díje fún ipò ààrẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ọmọbìnrin tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ràn. Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n sọ fún un pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣe eré kan. Kò sí ẹni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀, kò múra nǹkan kan sílẹ̀. Napoleon bá gbé kásẹ́ẹ̀tì orin lé ẹni tó ń lu orin lọ́wọ́, ó gun orí pèpéle lọ, òun nìkan, nínú bàtà ńlá ẹsẹ̀ ẹ̀, ó sì jó. Níbo ló ti kọ́ ijó ọ̀hún? Nínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò! Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ó jó ijó náà bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Kò rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí orin parí, gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́, ó bá fi eré gé e kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan. Ìgbà tó ti lọ tán ni wọ́n tó dìde tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Mo dá ibẹ̀ padà. Mo dá a padà títí ọmọ mi fi ní, “Mummy, díìsìkì kì í hó o.”

Jared Hess ló darí fíìmù yẹn, òun àti ìyàwó ẹ̀, Jerusha, ni wọ́n jọ kọ ọ́. Nǹkan bí 400,000 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é. Lójú tiwa owó ni, lójú àwọn tó ń ṣe fíìmù ní Amẹ́ríkà owó ata ni. Jon Heder tó ṣe Napoleon, 1,000 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ san fún un. Ìlú Preston ní ìpínlẹ̀ Idaho, níbi tí Hess ti dàgbà, ni wọ́n ti yà á. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ẹ̀ nìyẹn. Kò gbé àwọn sùẹ̀gbẹ̀ ẹ̀ lọ sí New York kó lè dà bíi fíìmù gidi. Títì tó mọ̀, ilé tó mọ̀, oko tó mọ̀, ibẹ̀ ló ya wọ́n sí. Kó tó ṣe é, nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì, ó ti fi irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe fíìmù kékeré kan, dúdú àti funfun lásán. Ó dán sùẹ̀gbẹ̀ ẹ̀ wò kó tó lọ náwó lé e lórí.

Ẹ tún wo bí kámẹ́rà ẹ̀ ṣe ń ṣe. Kì í sáré. Ó gúnlẹ̀ síbì kan gbagidi, sùẹ̀gbẹ̀ dúró sí àárín gbùngbùn àwòrán bí ẹni tó fẹ́ ya fótò páásípọ́ọ̀tù, ó sọ̀rọ̀, kámẹ́rà ò kúrò. Ó tún dúró díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ẹ̀rọ tó ń gbé kámẹ́rà fò, ẹ gbọ́ mi: ìdúró ò gba owó. Ẹ ti fóònù mọ́ búlọ́ọ̀kù, kí ẹ jẹ́ kí èèyàn rìn wọnú àwòrán fúnra ẹ̀, kó sì rìn jáde. Nígbà tó bá jáde tán, ẹ ka ẹní, èjì, ẹ̀ta kí ẹ tó pa á.

Ibi tí inú ti ń bí mi sí yín ni pé ẹ ò lè dúró. Ọmọ kan fi tiẹ̀ hàn mí níjọ́sí, ó dáa, ọkùnrin kan fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó, ó wá gbé ẹyin àdìẹ méjì dání nítorí wọ́n ní kó má wá lọ́wọ́ òfo. Ó rọra ń gbé ẹyin yẹn bí ọmọ tuntun. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ó kan ẹsẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ni mo bá gbọ́ ohùn kan, bòìn-ìn! Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa ojú ọkùnrin yẹn tóbi bíi ti bàlúù. Ó ti tán nìyẹn. Wọ́n ti rẹ́rìn-ín ẹ̀ tán kí n tó rẹ́rìn-ín tèmi. Ohùn bòìn-ìn yẹn, ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ gbé e wá ná? Tó bá wà níbí kó dìde ká wò ó.

Nígbà tí ẹ bá fi bòìn-ìn sí i, ẹ ti sọ fún wa pé, “Ẹ wo òmùgọ̀ yìí.” Sùẹ̀gbẹ̀ ò fẹ́ kí ẹ wà lẹ́yìn òun kí ẹ máa nawọ́ sí òun. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni kí ẹ dúró. Bí ẹyin bá ṣe pàtàkì lójú ẹ̀, kó ṣe pàtàkì lójú kámẹ́rà náà. Tó bá fọ́, àánú á ṣe wá, àánú yẹn ni ẹ̀rín á wá gbà jáde. Ẹ̀rín tí kò bá gba inú àánú kọjá, àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa gbàgbé ẹ̀.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé fíìmù òyìnbó lásán ni Màmá ń gbé wá. Ó dáa. Ìkòròdú níbí ni wọ́n bí Fúnkẹ́ Akíndélé sí. Jenifa tó ṣe ní 2008, kí ni ìtàn ẹ̀? Suliat, ọmọ abúlé, ó wọ yunifásítì, ó fẹ́ di ńlá láàárín àwọn ọmọge ìlú. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò tọ́, aṣọ ẹ̀ ò tọ́, ó sì yí orúkọ ara ẹ̀ padà bí ẹni pé orúkọ ló ń dá a dúró. Fúnkẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó dáa jù lọ ní AMAA, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 2009 nítorí ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ni gbogbo èèyàn ṣe? Wọ́n kó Gẹ̀ẹ́sì fífọ́. Ilé tí mo bá yà, Gẹ̀ẹ́sì fífọ́ ni mò ń gbọ́ nínú fíìmù. Wọ́n jí aṣọ, wọ́n fi ẹni tó wọ̀ ọ́ sílẹ̀. Jenifa ò mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì òun fọ́! Lójú tiẹ̀, ẹ̀yin lẹ ò gbọ́. Àwọn tiyín mọ̀ ọ́n, ẹ sì ń rí i lójú wọn pé wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ikorodu Bois ńkọ́? Ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ, mi ò ní fi bẹ́ẹ̀ gùn ún. Àwọn ọmọ yìí ń kó ohun èlò inú ilé jọ, wọ́n ń fi ṣe àwòkọ fíìmù ńlá tí wọ́n náwó rẹpẹtẹ lé lórí. Ní 2020, wọ́n ṣe ti Extraction, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ojúlówó ẹ̀; lọ́dún yẹn náà ni Netflix kó irinṣẹ́ fíìmù ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọgbọ́n tí wọ́n fi rọ́pò nǹkan ló dùn mọ́ àwọn. Ó dùn mọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ tún lọ wo ojú àwọn ọmọ yẹn. Ẹ ò ní rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ohun tí ìyá wọn fi ń ṣe iṣẹ́ ilé ni wọ́n gbé dání, wọ́n sì gbé e bí ìbọn tó lè pààyàn. Ọmọ alágolo àdúgbò mi ni mo rí.

Ní ti àlá, ẹ jẹ́ kó ní ìwọ̀n. Gbogbo ìtàn tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí mi, “ó fẹ́ di olówó.” Ta ni kò fẹ́ di olówó? Àlá yẹn fẹ̀ jù, a ò lè rí i. Àlá sùẹ̀gbẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré tó ohun tí a lè nawọ́ sí: ó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù kọjá òkè, ó fẹ́ di ààrẹ kíláàsì, ó fẹ́ gbé ẹyin méjì dé ilé àna.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin kan ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti Odògùnyàn sí Sábó. Ó fẹ́ di oníròyìn orí tẹlifíṣọ̀n. Kò lọ síbì kankan lọ tọrọ iṣẹ́, ó ṣáà ń múra sílẹ̀. Kóòtù ló ń wọ̀ wa kẹ̀kẹ́, nínú oòrùn. Kì í kébòsí èrò bíi tàwọn yòókù, ńṣe ló ń kà á bí ìròyìn. Tí ìjà ṣẹ́ńjì bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á ní, “Ìròyìn tó ń tẹ̀ wá lọ́wọ́ fi hàn pé Ìyá Aláṣọ ò ní àádọ́ta náírà.” Á gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ìkejì náà, nítorí oníròyìn gidi kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Àwọn èrò á bínú o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò wá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀ ní gáréèjì. Ẹ ò nílò ju kẹ̀kẹ́ kan, kóòtù kan àti èrò mẹ́rin lọ. Ẹ má jẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ yẹn ṣẹ́jú sí wa. Ẹni tó bá ṣẹ́jú sí wa, ẹ lé e lọ sílé.

Ọmọkùnrin kan ti nawọ́ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Mo ní kó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyá Fídíò, mà, ó dùn létí. Ta ló máa sanwó ẹ̀?”

Ìbéèrè ọmọ tó ti jẹ gbèsè nìyẹn. Mo lè sọ fún un pé fíìmù Hess tí wọ́n fi nǹkan bí 400,000 dọ́là ṣe, ó pa ju 40 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn lọ yá owó àjọ. Ibi àjọ̀dún fíìmù Sundance ni wọ́n gbé e lọ, ilé iṣẹ́ ńlá rà á níbẹ̀, wọ́n sì ní sinimá káàkiri ilẹ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa.

Ní 1982, Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ló darí ẹ̀. Fíìmù sinimá ńlá ni, owó gidi wọ inú ẹ̀. Ìtàn ẹ̀ dá lórí ọkùnrin kan tó ń wá ọrọ̀ òjijì, tí oníjìbìtì wá gba ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo èèyàn wò ó, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ibo ni wọ́n ti wò ó? Nílé wọn. Àwọn olè ti ṣe àdàkọ ẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ Bàbá Sàlá lọ́rùn. Ẹni tó fi ojú ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì pa wá lẹ́rìn-ín, wọ́n lu òun náà ní jìbìtì pẹ̀lú fíìmù yẹn gan-an.

Mo ní in ní ṣọ́ọ̀bù.

Kí n má purọ́ fún yín, ọjọ́ orí mi ti kọjá irọ́. Ọkùnrin kan ló gbé e wá nínú báàgì Ghana-must-go, kò sí àwòrán lára páálí ẹ̀, bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ sí i. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo rà á. Mo yá a fún àwọn èèyàn títí téèpù ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Òun wà lára àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí mo ti rí ibi tó ń gbọ̀n yẹn. Ohun tí mo wá ń kọ́ yín lónìí, ara ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Kò sí ẹni tó fọlọ́pàá mú mi. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó kú, mo wá kásẹ́ẹ̀tì yẹn nínú àpótí, mo nù ún, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Torí náà, ìwọ ọmọ tó béèrè owó, mi ò ní ìdáhùn tó dùn. Ẹ ṣe é kékeré, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá jí i, ilé yín ò ní wó. Ẹ kọ orúkọ yín sára àwòrán látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí ẹ sì…

Ibi tí mo dé nìyẹn tí iná lọ.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Gbọ̀ngàn ṣókùnkùn biribiri, fáànù ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró, ẹnì kan ń pe orúkọ ẹni tó mọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Àwọn kan tan iná fóònù. Mo dúró sójú kan. Láti ẹ̀yìn pátápátá ni mo wá gbọ́ ohùn kan, ohùn ọkùnrin, ó dún jinlẹ̀, kò yára, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Èyí ni àkójọpọ̀ ìròyìn. Odògùnyàn, Sábó, Gáréèjì. Ìròyìn tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ fi hàn pé iná ti lọ. Àwọn aláṣẹ ò tíì sọ ìdí ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ṣẹ́ńjì yín lọ́wọ́.”

A ń retí kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó mí. Jẹnẹrétọ̀ fọhùn níta, iná dé, gbogbo wa yíjú sẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó béèrè owó ni. Ó dúró ṣánṣán, ó na ojú síwájú bí ẹni tó ń wo kámẹ́rà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di bébà tí kò sí níbẹ̀ mú, ó sì ń tò ó kí etí ẹ̀ lè gún régé.

“Ó ku èrò ẹyọ kan,” ló ní.